Wáyà Tó Ń Sọ Pé Dúró

Ìjì pupa ló ṣáájú ọkùnrin náà dé. Ní Niamey, bí oṣù karùn-ún bá ń parí lọ, iyanrìn aṣálẹ̀ a máa dìde bí ògiri ilé alájà mẹ́wàá. Yóò wọ́ wá láti ìlà-oòrùn, yóò sọ ọ̀sán di pupa, yóò sì tún sọ ọ́ di dúdú. Àwọn ará Grand Marché ti mọ ìwà rẹ̀. Wọ́n da tapólì bo ọjà wọn, wọ́n fi ìbòrí dí imú, wọ́n sì ń pe orúkọ Ọlọ́run lábẹ́lẹ̀.

Tàíbátù dúró lábẹ́ òrùlé ìsọ̀ aṣọ ìyá rẹ̀. Ó di ojú kan, ó ń fi èkejì wo ọ̀nà Zongo. Níbẹ̀ ló ti rí i: ọkùnrin gíga kan tó bọ́ ẹ̀wù kúrò lára ní àkókò tí gbogbo ayé ń wá aṣọ kún aṣọ. Ó fi ẹ̀wù náà wé nǹkan kan bí ẹni wé ọmọ tuntun, ó gbá a mọ́ àyà, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ìjì kí iyanrìn má baà kan ohun tó gbé. Iyanrìn ń na ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹgba, kò sì yẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ṣí etí ẹ̀wù náà díẹ̀. Tàíbátù rí igun ike kan tó ti pọ́n bí eyín arúgbó. Ó rí bọ́tìnnì kan tó ti já, tí ẹnì kan fi ìdérí bírò búlúù rọ́pò rẹ̀. Àyà rẹ̀ já pàà. Kọ̀ǹpútà bàbá òun ni!

"Olè!" ló kígbe. Ìjì gbé ohùn rẹ̀ lọ. "Bàráwò! Voleur!" Ó sáré wọ inú iyanrìn, ó sì di wáyà iná tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn ọkùnrin náà mú, bí ẹni mú okùn ewúrẹ́.

Ọkùnrin náà yíjú. Iyanrìn ti kun ìpéǹpéjú rẹ̀ ní pupa. "Èdè mẹ́ta fún olè kan ṣoṣo?" ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, arábìnrin, ẹ fi ọ̀kan bú mi nísinsìnyí, kí ẹ fi méjì tó kù bú mi lábẹ́ òrùlé."

"Kọ̀ǹpútà bàbá mi lo gbé!"

"Mo mọ̀. Ìyá yín ló fi lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí."

Ẹnu ya Tàíbátù. Ó bojú wẹ̀yìn. Màmá rẹ̀ jókòó láàárín àwọn ìdì àǹkárá, ó fi etí ìbòrí bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

"Mo gbàgbé láti sọ fún ọ ni," ni màmá wí. "Gàfárù, wọlé wá, má jẹ́ kí ìjì gbé ẹ̀yin méjèèjì lọ mọ́ mi lọ́wọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pàdé. Ọlọ́run tó ń mú ohun mímọ́ jáde láti inú eruku kò nílò ọgbà òdòdó kó tó so èèyàn méjì pọ̀.

Gàfárù ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Zongo, níbi tó ti ń tún rédíò àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe. Niamey ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Hàdìzà ìyá rẹ̀ gbé e padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Hàdìzà kú nígbà tí ọmọ náà di ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò sì bí ẹlòmíràn. Ọdún méjì sẹ́yìn ni Gàfárù padà wá, òun nìkan, kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Tàíbátù ní tirẹ̀ kò kúrò ní Niamey rí. Ilé ìwé Faransé ló lọ, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní òdìkejì odò. Yorùbá rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ fọ̀ fọ̀.

Ìdí tí Alhaji Àbdùlmàlíkì fi ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà jáde rèé. Alhaji ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní Zongo, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ àti ẹlẹgbẹ́ níbi iṣẹ́ ló sì jẹ́ sí Sàláúdéènì, bàbá Tàíbátù, tó di olóògbé ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Nígbà ayé rẹ̀, Sàláúdéènì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí ń fi wáyà ránṣẹ́ sí òkè òkun. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà pààrọ̀ àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n fún un ní kọ̀ǹpútà kan, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ dé ìlú náà, ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà rẹ̀ aláwọ̀ ewé. Iyè ẹ̀rọ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí fọ́tò kan ṣoṣo inú fóònù òde òní kò lè wọ inú rẹ̀. Sàláúdéènì kọ́ èdè ẹ̀rọ náà gan-an, èdè òǹkà lásán, ó sì fi í kọ ètò kan.

Kí ló fi ètò náà ṣe? Ní ọdún náà lọ́hùn-ún, tọkọtaya kan wà ní Zongo tí wọ́n ti bí ọmọ méjì. Ìgbà náà ni arúgbó kan dé láti ilẹ̀ Yorùbá, ó ní, "Háà! Àwọn méjèèjì yìí, ọmú kan náà ni wọ́n mu!" Nínú ẹ̀sìn wọn, ẹni tó bá mu ọmú obìnrin kan ti di ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọmú kan náà kò sì gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn, bí ẹ̀jẹ̀ kò tilẹ̀ pa wọ́n pọ̀. Wọ́n tú ìgbéyàwó náà ká. Sàláúdéènì rí àwọn ọmọ méjì náà bí wọ́n ti ń sunkún lẹ́yìn bàbá wọn, kò sì lè jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Láti ìgbà náà, gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ní àdúgbò, ó ń tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà náà, àti orúkọ gbogbo obìnrin tó fún un lọ́mú. Ẹgbẹ́ sì fi í ṣe òfin: kí a tó so yìgì, a ó kọ́kọ́ wo inú ìwé ọmú.

Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ti bá omíyalé lọ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Inú ẹ̀rọ àtijọ́ náà nìkan ló kù sí.

"Kí o kó o sínú kọ̀ǹpútà tuntun fún wa," ni Alhaji wí fún Gàfárù, "kí ẹ̀rọ arúgbó yìí tó tẹ̀lé ẹni tó ni ín."

Tàíbátù gbọ́, ó ní ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ bàbá òun lẹ́yìn òun. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bó bá ti kúrò ní ilé ìwé, ó ń wọ tákísì lọ sí Zongo. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà a máa wà ní ṣíṣí sílẹ̀, Ìyá Ọlọ́bì tó wà lójú ọ̀nà a sì máa fi ojú ṣọ́ wọn. Gàfárù a tú ẹ̀rọ, Tàíbátù a nu eruku. Wọ́n a pín kìlíṣí jẹ láti inú bébà kan.

"Kí lo ń yọ́ sí ẹnu wáyà yẹn?" ni Tàíbátù bi í ní ọjọ́ kan.

"Òjé."

"Kí ni òjé?"

Gàfárù gbé irin gbígbóná sílẹ̀. "Olùkọ́ kọ̀ǹpútà kò mọ òjé! Ṣé Yorùbá ni ọ́, àbí wọ́n yá ọ ní èdè náà, tí o ní láti dá a padà ní ọjọ́ Jímọ̀?"

"Ìwọ ńkọ́? Ọdún méjì ní Niamey, o kò tíì lè ná tòmátì ní èdè Zarma. Hàfísátù ọ̀rẹ́ mi ní Petit Marché ní ìwọ ni oníbàárà tí òun fẹ́ràn jù, nítorí iye tí òun bá pè ni o máa ń san."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Ìyá Ọlọ́bì fi wúkọ́ sí wọn láti òde.

Ní ọjọ́ mìíràn, Gàfárù bi í pé kí ni oríkì rẹ̀.

"Àbẹ̀ní," ni Tàíbátù dáhùn, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Bàbá mi nìkan ló ń fi pè mí. Láti ìgbà tó ti lọ, kò sẹ́ni tó pè é mọ́."

"Ṣé mo lè máa fi pè ọ́?"

"Dúró ná. Kò tíì yá."

Kò bínú. Ó kàn sọ fún un pé, "Èmi ni Àdìsá. Tèmi ti yá."

Ọjọ́ tí wọ́n kó ìwé ọmú náà, ooru mú bí inú ààrò. Gàfárù so wáyà láàárín ẹ̀rọ méjèèjì, kí èyí àtijọ́ lè máa sọ̀rọ̀, kí tuntun sì máa gbọ́. Wáyà tinrín mẹ́ta ló lò. "Ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀, ọ̀kan wọ ilẹ̀."

Tàíbátù wo wáyà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. "Ti bàbá mi jẹ́ márùn-ún. Kí ni méjì yìí wà fún?"

"Wáyà 'dúró' àti wáyà 'ó yá' ni. Ẹni tó ń gbà ló máa ń fi wọ́n sọ fún ẹni tó ń rán pé, 'Dúró, n kò tíì gbé èyí mì,' tàbí pé, 'Ó yá, mú òmíràn wá.' Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tuntun yára. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni dúró dè é."

Ẹ̀rọ àtijọ́ náà ti ń gbóná, ó ti ń rùn bí ike tó fẹ́ jó. Iná sì lè lọ nígbàkígbà. "Fi í sí ìyára tó ga jù," ni Tàíbátù wí. Gàfárù ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí sáré bí ìjàlọ. Orúkọ ń kọjá, orúkọ òkú, orúkọ alààyè, orúkọ àwọn tí wọ́n ti di ìyá ọlọ́mọ. Ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan, òǹkà kan wà.

"Kí ni òǹkà yẹn?"

"Ó jọ pé nọ́ńbà ilé ni," ni Gàfárù wí.

Kí á tó wí, kí á tó fọ̀, ó ti parí. Tàíbátù ń sunkún ayọ̀. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ kò kú. Gàfárù ń wò ó, ó gbàgbé irin gbígbóná lọ́wọ́, ó sì jó ìka ara rẹ̀.

"Tàíbátù," ló wí, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka, "èmi kò ní ìyá, èmi kò ní bàbá, àwọn rédíò tó ti bàjẹ́ nìkan ni ará ilé mi. Ṣé o lè fẹ́ irú èèyàn bẹ́ẹ̀?"

Tàíbátù fi etí ìbòrí nu ojú. Ìyá Ọlọ́bì lóde kò tilẹ̀ wúkọ́.

"Ó yá, Àdìsá," ló wí.

"Àbẹ̀ní," ni òun náà wí, ní ìgbà àkọ́kọ́.

Màmá dunnú. Alhaji Àbdùlmàlíkì ní òun ni yóò dúró bí bàbá fún Gàfárù. Wọ́n dá ọjọ́ yìgì, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. "Ẹ̀yin méjèèjì ni a ó kọ́kọ́ wò nínú ìwé ọmú tuntun," ni Alhaji wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó se ọbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Nítorí náà wọ́n jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n ń ṣe àwàdà. Tàíbátù tẹ orúkọ ara rẹ̀. Ìlà kan jáde:

*Tàíbátù Àbẹ̀ní, ọmọ Sàláúdéènì. Ọmú: Hàdìzà ìyá Gàfárù, oṣù mẹ́ta.*

Ẹ̀rín kú lẹ́nu wọn. Tàíbátù kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà lè yí padà bí òun bá kà á pẹ̀lú sùúrù. Kò yí padà. Ara rẹ̀ tutù nínú ooru Niamey. Ó mọ ìtàn ìbí ara rẹ̀ dáadáa: àìsàn líle kọlu màmá lẹ́yìn ìkúnlẹ̀, ogójì ọjọ́ ló lò ní ilé ìwòsàn, àwọn obìnrin Zongo ni wọ́n sì gba ọmọ náà tọ́jú. Ta ni nínú wọn? Màmá kò mọ̀. Bàbá nìkan ló mọ̀.

"Ìyá mi," ni Gàfárù wí, ohùn rẹ̀ jìn bí ẹni tó wà nínú kànga. "Ìyá mi ni ìyá rẹ."

Gàfárù tẹjú mọ́ ìlà náà. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì tí ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́. "Kò sẹ́ni tó tíì rí i, Àbẹ̀ní. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni, yóò sì..." Kò parí rẹ̀. Ó fa ọwọ́ náà sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. "Ọlọ́run, dárí jì mí. Kí ni mo fẹ́ sọ yẹn?"

"Ọlọ́run ti rí i," ni Tàíbátù wí. Omi ń dà lójú rẹ̀. "Nítorí irú ọjọ́ yìí ni bàbá mi ṣe kọ ọ́. Èmi ló wá fẹ́ pa á rẹ́?"

Àwọn méjèèjì jọ gbé e lọ fún Alhaji. Bàbá àgbà náà kà á, ó bọ́ fìlà, ó fi í bo ojú. "Ẹ̀yin ọmọ mi," ló wí, "kò sí yìgì."

Nígbà tí wọ́n jáde, Gàfárù dúró lójú pópó. Kò wo ojú rẹ̀. "Ó dìgbóṣe," ló wí, "àbúrò mi."

Nínú gbogbo ohun tó ti dun Tàíbátù láyé rẹ̀, kò sí èyí tó dùn ún bí ọ̀rọ̀ rere yẹn.

Gàfárù ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ó dá ẹ̀rọ Sàláúdéènì padà sílé, ó fi ẹ̀wù ara rẹ̀ wé e bó ṣe wé e ní ọjọ́ ìjì, ó sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé òun yóò bá ọkọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeè padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Tàíbátù gbàdúrà. Kò béèrè pé kí Ọlọ́run yí òfin padà. Agbára láti fara dà á nìkan ló tọrọ.

Ní àárọ̀ Tọ́sìdeè náà, ẹrù aṣọ dé láti ilẹ̀ Yorùbá. Màmá tú ìdì náà sílẹ̀ nínú ìsọ̀. Ó mú bébà kan jáde láàárín rẹ̀, ó kà á, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí ka aṣọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ó ku ọ̀kan," ló wí. Ó tún ìdì náà dì.

"Màmá, ọ̀kan ṣoṣo! Ẹ máa tà á lọ."

"Rárá o. Bàbá rẹ ló kọ́ mi. Ẹni tó rán ẹrù yóò kà á, yóò kọ iye rẹ̀ sí ìdí ẹrù. Ẹni tó gbà á yóò tún un kà. Bí iye kò bá dọ́gba, má pe ẹnikẹ́ni lólè, má sì lo ẹrù náà. Ní kí wọ́n tún un rán. Gbogbo ìdì, àti èyí tó kéré jù lọ, bàbá rẹ a máa kọ iye rẹ̀ sí ìdí."

"Sí ìdí," ni Tàíbátù tún wí. Lójijì, ó fò dìde. Òǹkà ìparí ìlà! Ilé wọn ní Zongo kò ní nọ́ńbà rí!

Ó ṣí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, níbi tó kó ẹ̀dà ìwé ọmú náà sí, láàárín àǹkárá. Nínú ẹ̀rọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Ó ro iye gbogbo lẹ́tà ìlà àkọ́kọ́ pọ̀, ó sì fi wé òǹkà tó wà ní ìparí. Wọ́n dọ́gba. Ìlà kejì dọ́gba. Ẹ̀karùn-ún dọ́gba. Ó ro ìlà tirẹ̀.

Kò dọ́gba.

Ó wá rántí ọ̀rọ̀ tó wà ní òkè pátápátá, èyí tí wọn kò kà sí: *Ìlà ẹgbẹ̀fà ó lé mẹ́fà.* Ó ka èyí tó dé ọwọ́ wọn. Ẹgbẹ̀fà dín mọ́kànlá ni. Ìlà mẹ́tàdínlógún ti sọnù lójú ọ̀nà!

"Màmá! Ẹrù náà kò pé!" Ó ti ń sáré kí màmá tó lè béèrè ẹrù wo.

Ó bá Gàfárù ní ibùdókọ̀, ó jókòó lórí àpò rẹ̀, irùngbọ̀n ti hù sí i lójú. Tàíbátù sọ gbogbo rẹ̀ láìmí, Yorùbá, Faransé, Hausa, gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Gàfárù dìde. Ojú rẹ̀ ràn bí iná, lẹ́yìn náà ìbẹ̀rù pa á. "Wáyà méjì yẹn. Èmi ni mo yọ wọ́n. Ẹ̀rọ tuntun ń kọ èyí tó gbà sílẹ̀, kò lè sọ pé dúró, àtijọ́ sì ń rọ́ ọ̀rọ̀ dà nù, ìdajì ìlà kan a sì lẹ̀ mọ́ ìdajì òmíràn. Èmi ni!"

"Èmi ni mo ní kí o sáré."

"Tàíbátù, bí a bá tún un gbà, tó sì jẹ́ ohun kan náà ńkọ́? Mo ti sin ìrètí yìí lẹ́ẹ̀kan. N kò mọ̀ bóyá mo lè sin ín lẹ́ẹ̀mejì."

"Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni ọ́, màá sì máa bu ọ̀wọ̀ fún ọ títí ayé. Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í lo ẹrù tí iye rẹ̀ kò dọ́gba. Gbé àpò rẹ."

Wọ́n padà sílé Tàíbátù, níbi tí ẹ̀rọ àtijọ́ náà wà. Alhaji wá. Màmá wá. Hàfísátù, ọ̀rẹ́ Tàíbátù, gbọ́ ọ̀rọ̀ ní Petit Marché, òun náà wá pẹ̀lú agbọ̀n tòmátì lórí. Gàfárù so wáyà márààrún. Ìyára tó kéré jù ni wọ́n fi í sí. Lẹ́tà ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí omi tó ń kán láti etí ìkòkò. Bí ẹ̀rọ tuntun bá ń kọ, yóò ní dúró. Bó bá kọ tán, yóò ní ó yá. Ẹ̀rọ àtijọ́ ń gbóná. Màmá ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ aláìsàn. Wọ́n kírun ọ̀sán, wọ́n padà wá bá a, kò tíì dé ìdajì.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun alásàrí, orúkọ Tàíbátù bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ọn.

*Tàíbátù Àbẹ̀ní, ọmọ Sàláúdéènì. Ọmú:*

Ẹ̀rọ náà ní dúró. Gàfárù di ojú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní ó yá.

*ti ìyá rẹ̀ nìkan. Ogójì ọjọ́ àìsàn ìyá rẹ̀, wàrà agolo ni. Èmi bàbá rẹ̀ ni mo fi ọwọ́ mi bọ́ ọ.*

Abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ màmá. "Ó ní àwọn obìnrin àdúgbò ni!" ló kígbe. "Sàláúdéènì! Ó ń wá sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ojú tó ti pọ́n, ẹ̀wù rẹ̀ ń rùn fún wàrà, ó ní tíì ló dà sí òun lára!"

Alhaji ti ń sunkún bí ọmọdé. "A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbi iṣẹ́. Ní gbogbo ọ̀sán, yóò dìde, yóò ní òun ń lọ sílé. A ní, 'Ìyá ọlọ́mọ, ó dàbọ̀ o.' Kò dá wa lóhùn rí. Kò fẹ́ kí a mọ̀ pé òótọ́ ni."

Tàíbátù fi ìka kan ojú ẹ̀rọ náà, níbi tí a kọ *ọwọ́ mi* sí. Gàfárù ń ro iye ìlà náà lórí bébà. Ó gbójú sókè.

"Ó dọ́gba," ló wí.

Ìlà tó tẹ̀ lé e ti ń jáde: *Hàfísátù Àmọ̀kẹ́, ọmọ Bùkárì. Ọmú: Hàdìzà ìyá Gàfárù, oṣù mẹ́ta.*

Agbọ̀n tòmátì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Hàfísátù wo Gàfárù láti òkè dé ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. "Ye! Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀gbọ́n mi gan-an ni mo ti ń ta tòmátì fún ní ọ̀wọ́n láti ọdún méjì!"

Gàfárù, tí kò ní ẹ̀gbọ́n tí kò ní àbúrò, bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Bí iṣẹ́ Ọlọ́run ti rí nìyẹn: àbúrò tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni a fi òmíràn dípò fún un, a sì dá aya rẹ̀ padà fún un.

Ìlà mẹ́tàdínlógún tó sọnù dé pátápátá. Ẹgbẹ̀fà ó lé mẹ́fà ni ìwé náà, kò lé, kò dín. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn wọlé, ẹ̀rọ àtijọ́ náà mí èémí kan, lẹ́tà aláwọ̀ ewé rẹ̀ sì kú. Kò tún jí mọ́. Ó ti jíṣẹ́ tán.

Wọ́n so yìgì ní ọjọ́ tí wọ́n dá gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn àdúrà, kí wọ́n tó bu oúnjẹ, Alhaji ní kí tọkọtaya náà tẹ ìlà tiwọn sínú ìwé, gẹ́gẹ́ bí àṣà Sàláúdéènì. Gàfárù tẹ̀ ẹ́: *Gàfárù Àdìsá àti Tàíbátù Àbẹ̀ní, tọkọtaya.* Ó ro iye rẹ̀, ó kọ ọ́ sí bébà, ó ká a mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Tàíbátù kọ ẹ̀yìn sí i, ó ro tirẹ̀.

"Ó yá?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Dúró," ló wí. Ó tún un rò lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tí kò tún ní kánjú mọ́ láyé. Lẹ́yìn náà ó yíjú, ó na bébà tirẹ̀ sí i.

"Ó yá, Àdìsá."

Wọ́n ṣí méjèèjì pọ̀. Wọ́n dọ́gba.